Ìlànà èdè abínibí tó kú kó tó rìn

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Dókítà Túnjí Alausa, dìde níbi àpérò kan l'Ábùjá, ó ní ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni. Ìdí tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó rọ̀ mọ́ èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

British Council, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé èdè àti àṣà wọn lárugẹ, ló pe àpérò náà, ọ̀rọ̀ èdè nínú ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pé jọ. Mi ò fi ìyẹn sùn wọ́n, nítorí àwọn kọ́ ló ń ṣòfin fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kó rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kọ́ni lóminú ni ti Ghana. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkéde tiwa tí mínísítà ẹ̀kọ́ tiwọn, Haruna Iddrisu, pàṣẹ pé ó ti di dandan kí olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹta. Òyìnbó kan náà ló ṣàkóso Ghana àti Nàìjíríà. WAEC kan náà ni ọmọ wọn àti ọmọ wa ń ṣe. Nínú oṣù kan ṣoṣo, ọ̀kan gba apá ọ̀tún, èkejì gba apá òsì, oníkálukú wọn sì ní torí àwọn ọmọ lòun ṣe ṣe é.

Kí n ti sọ èrò tèmi kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. A ò tíì fi èdè abínibí kọ́ ọmọ lọ́nà tó yanjú lórílẹ̀-èdè yìí débi tí a ó fi ní ó já wa kulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la dán an wò bó ṣe yẹ, ó sì yọrí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ kiri báyìí pé ká gba ẹ̀kọ́ Áfíríkà kúrò lábẹ́ àjàgà àwọn amúnisìn, kò dúró lórí èdè nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́, eré àti ọnà wa wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi rò pé a ti ń ṣe àṣìṣe tó tóbi jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fagi lé. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè ti orílẹ̀-èdè, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́. Ó ní èdè tí wọ́n ń sọ jù ní àdúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ wà ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tó bá di girama, kí Gẹ̀ẹ́sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mínísítà fúnra rẹ̀ sọ pé lórí ìwé ni ìlànà náà ti bẹ̀rẹ̀: ó di ìgbà tí ìjọba bá pèsè ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, tó sì rí olùkọ́ tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, kó tó lè múlẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá 2022 sí oṣù Kọkànlá 2025, ọdún mẹ́ta géérégé. Ìyẹn ni pé kí ìpalẹ̀mọ́ tó parí ni wọ́n ti sin òkú rẹ̀. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC ní 2025 ti wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti bí 2013. Ìlànà 2022 kò bá ọmọ yẹn níbì kankan.

Mínísítà lè dáhùn pé òun ò sọ̀rọ̀ nípa 2022 nìkan, pé ọ̀rọ̀ ọdún 15 sẹ́yìn lòun ń sọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti 1977 ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè ti ń wí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ kọ sójú pátákó. Tó bá rí i pé ojú àwọn ọmọ ti ń wo òrùlé, á wá là á ní Yorùbá, ní Hausa tàbí ní Ìgbò, á tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni ìdánwò máa jẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, àlàyé yẹn pàápàá kò sí. Àmúlùmálà nìyẹn, a ò lè mú àbájáde àmúlùmálà ká fi dá èdè abínibí lẹ́bi.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún kejì, Yorùbá ni wọ́n nílò, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìwàásù kò lè gba Jésù. Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá l'Ábẹ́òkúta. Ní 1884, odindi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá. Èdè tó ní Bíbélì àti ìwé ìròyìn, kí ló tún kù tí kò lè gbé?

Owó ló yí i padà. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ nítorí Yorùbá. Iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ní ilé ìtajà òyìnbó àti ní rélùwéè, Gẹ̀ẹ́sì ló ń béèrè. Bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jẹun lórí ìwé kò nílò kí ẹnikẹ́ni lu òun kó tó mọ èdè tí ọmọ òun máa kọ́. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé pé ní 1925, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó sì gba àwọn aláṣẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n bìkítà fún èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Imọ̀ràn náà wà nínú ìwé. Owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí owó wà ni àwọn òbí tẹ̀ lé.

Ìran tèmi kò mọ nǹkan kan nípa 1882, ṣùgbọ́n a mọ páálí. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, páálí kan wà tí wọ́n lu ihò méjì sí lórí, tí wọ́n fi okùn bọ̀ ọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ẹni tó gbé e kọ́rùn ti sọ fánákúlà, ìyẹn èdè abínibí. Bí o bá gbé e, ìgbàlà rẹ kan ṣoṣo ni pé kó o gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kó o wá bọ́ ọ, kó o fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí páálí bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìjáde bá lù ló máa jẹgba. Nítorí náà, tó bá ti di aago kan ọ̀sán, kíláàsì wa á dákẹ́ lọ bíi ti ilé ọ̀fọ̀. Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì wa kò dán mọ́rán kì í sọ ohunkóhun, à á kàn máa fi orí dáhùn. Olùkọ́ wa rò pé Gẹ̀ẹ́sì là ń kọ́. Ìdákẹ́ la kọ́, a sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Títí di òní, mo mọ àwọn tá a jọ ka ìwé, tí wọ́n gboyè rẹpẹtẹ, tí wọn kì í lè na ọwọ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípàdé.

Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Kenya. Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, sọ ọ́ léraléra bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Gĩkũyũ, èdè abínibí wọn, nílé ẹ̀kọ́. Òun ni ní 1968, pẹ̀lú Henry Owuor-Anyumba àti Taban Lo Liyong, ó kọ̀wé sí yunifásítì Nairobi pé kí wọ́n tú ẹ̀ka ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, kí ìwé àti ìtàn àtẹnudẹ́nu Áfíríkà bọ́ sí àárín gbùngbùn, kí ti àwọn òyìnbó wá wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ní 1977 ó bá àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ abúlé Kamĩrĩĩthũ ṣe eré ní Gĩkũyũ. Gbogbo ìwé tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tẹ́lẹ̀, ìjọba kò fi tì í mọ́lé. Eré tí àwọn ará abúlé gbọ́ yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún ju ìyẹn lọ pé agbára wà nínú èdè.

Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré la dán an wò bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan tí àjọ Ford Foundation ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Apá kan ṣe bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lójijì ní kíláàsì kẹrin. Apá kejì kọ́ ohun gbogbo ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì o! Ibẹ̀ ni àwọn tó ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà kì í fẹ́ dé. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, lọ́wọ́ olùkọ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Dípò kí olùkọ́ mẹ́fà tí Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ṣe gbágungbàgun máa fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n ló fi í kọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá dán wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun gbogbo.

Ìwé ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n tún gbé e lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Fáfúnwá di mínísítà ẹ̀kọ́ ní 1990. Ẹni tó ṣe ìwádìí náà gan-an ló dé orí àga, síbẹ̀ àwọn ìwé yẹn kò dé ọwọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá, ká tó wá sọ ti ọmọ Tiv tàbí ọmọ Ìbíbíò. Nígbà míràn ó máa ń ṣe mí bíi pé a fẹ́ràn ìwádìí ju iṣẹ́ lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Àwọn tó ní ìlànà 2022 kò lè ṣiṣẹ́ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Èdè tó wà ní Nàìjíríà lé ní 500. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé kankan yàtọ̀ sí Bíbélì, òmíràn kò tilẹ̀ ní àkọtọ́. Mínísítà mú àpẹẹrẹ Borno wá, níbi tí Kanuri ti pọ̀ jù ṣùgbọ́n tó jẹ́ Hausa ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ó tún mú ti Lẹ́kkí àti Ajah wá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní kíláàsì kì í ti í ṣe Yorùbá. Òótọ́ ni. Ọmọ Kanuri tí wọ́n ń fi Hausa kọ́, kí ló yàtọ̀ sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́? Èdè ẹlòmíràn ni méjèèjì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí a lò fún àìsàn náà ló yà mí lẹ́nu. Nítorí pé bàtà kan kò bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu ní Lẹ́kkí, a ní kí àwọn ará Ìgbájọ àti Ìsẹ́yìn, tí gbogbo ọmọ inú kíláàsì ń sọ Yorùbá, bọ́ tiwọn náà dànù.

Ìfura àwọn òbí náà ní ìpìlẹ̀. Ní South Africa, òfin ẹ̀kọ́ Bantu ti 1953 fi èdè abínibí kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú fún ọdún mẹ́jọ, kì í ṣe torí ìfẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọn mọ síbi iṣẹ́ alágbàṣe ni. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fi Afrikaans, èdè àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba lé wọn lórí, há wọn lọ́fun, àwọn ọmọ Soweto tú sí ìgboro ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa wọ́n. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ìyá kan ní Ìbàdàn pé ọmọ rẹ̀ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí ìyá yẹn béèrè èdè tí ọmọ ti onítọ̀hún fi ń kàwé. South Africa kan náà ni, láti 2025, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè abínibí àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pọ̀ láti kíláàsì kẹrin lọ sókè. Wọn ò gbàgbé 1953. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò nílé.

Tanzania ń kọ́ni ibòmíràn. Láti 1967 ni Kiswahili ti jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wọn. Tó bá di girama, Gẹ̀ẹ́sì gba ipò lọ́jọ́ kan, ọmọ á sì dà bí ẹni tí wọ́n tì sínú odò. Àléébù yẹn wà lọ́dọ̀ wa náà, ní kíláàsì kẹrin. Ibi tí èdè méjì ti pàdé lọmọ ti ń ṣubú, ibẹ̀ ló sì yẹ kí iṣẹ́ wà.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé sáyẹ́ǹsì. Mi ò fẹ́ pẹ́ níbi èyí. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́, tí àwọn olùkọ́ èdè ṣì ń lò: àrànmọ́, ìpajẹ, ìsúnkì, ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ tó gbọ́ "ìpajẹ", ìyẹn pípa ìró kan jẹ nínú ọ̀rọ̀, ti mọ ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ kí olùkọ́ tó ṣí ẹnu. Ibi tí kò bá sí, à ń yá. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá "algebra" lọ́wọ́ Lárúbáwá, kò sì tíì dá a padà. Wàhálà tèmi pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ó wà lọ́dọ̀ òǹkà. Yorùbá ń fi ogún kà, ó ń yọ kúrò: 45 jẹ́ àádọ́ta ó dín márùn-ún. Ó jẹ́ ìṣirò tó jinlẹ̀, mo sì lè yìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi ń pe 45 ní "fọ́tì-fáìfù" nílé, èmi náà sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń kánjú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ló ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jù. Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2018 tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni, ìkéde Ábùjá kò sì pa ìyẹn rẹ́, nítorí kíkọ́ èdè kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yàtọ̀ sí fífi èdè náà kọ́ iṣẹ́ yòókù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ra fún yín. Ọ̀pọ̀ ariwo tí mo gbọ́ látìgbà ìkéde náà ló da wọ́n pọ̀.

Ó kù sí ti iṣẹ́ ọnà. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ta kókó. Ẹni tó jà fitafita kí ẹ̀kọ́ àwòrán wọ ilé ẹ̀kọ́ wa láyé àwọn òyìnbó ni Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó lọ kàwé ní London ní 1920. Ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni ọ̀nà òyìnbó: bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí òjìji ṣe ń ṣubú. Ó fẹ́ kí ayé rí i pé dúdú náà lè ya àwòrán tó jọ ènìyàn. Ó bẹ ìjọba kí wọ́n fi olùkọ́ kún un. Ní 1927, òyìnbó kan, Kenneth Murray, dé, òun ló sì wá ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n padà sí igi gbígbẹ́ àti ìkòkò mímọ àwọn baba wọn. Dúdú ń gbé ti funfun lárugẹ, funfun ń gbé ti dúdú. Ta ni amúnisìn nínú àwọn méjèèjì? Mo ti ronú sí i títí, mi ò lè dá ẹnì kankan lẹ́bi. Onabolu ń jà fún ẹ̀tọ́ láti mọ ohun gbogbo, Murray ń jà kí ohun tó wà nílẹ̀ má bàa parun. Ní Zaria ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo gbìyànjú láti fi okùn so méjèèjì pọ̀: kí wọ́n mú èyí tó dára lọ́wọ́ òyìnbó, kí wọ́n gbé e ka orí ìpìlẹ̀ tiwọn.

Kí ló wá kù níbẹ̀ fún ọmọ òde òní? Iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CCA (Cultural and Creative Arts), ìyẹn àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Olùkọ́ á ní kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ wá ní ọjọ́ Ajé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, máàkì mẹ́wàá. Ìyá á ra ìgbálẹ̀ lọ́jà ní ọjọ́ Àìkú. Olùkọ́ á gba ọgbọ̀n ìgbálẹ̀, ọ́fíìsì wọn á mọ́ tónítóní títí táàmù á fi parí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ṣe Ọjọ́ Àṣà: àwọn ọmọ á wọ aṣọ òkè, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì, páálí fánákúlà á padà sọ́rùn.

Ohun tí mo pè ní àṣìṣe tó tóbi jù nìyẹn. A sọ iṣẹ́ ọwọ́ wa di ohun tí a ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, tó fẹ́ jẹ méjì tàbí mẹ́ta nílé ẹni kejì gbọ́dọ̀ ti ka ọmọ yíká nínú orí kó tó gbé ọwọ́. Èyí tó yé mi jù ni ti aró.

Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lẹ́nu ìsinmi kan. SS2 ló wà, kẹ́mísírì ló sì ń dùn mọ́ ọn jù. A dé ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń rẹ àdìrẹ, a kí wọn pé "Àrẹ̀dú o," inú wọn dùn pé ẹnì kan ṣì mọ ìkíni aláró. Ìkòkò àwọn ìyá wọn ṣì wà lẹ́yìn ilé, méjì, ọ̀kan ní ihò nídìí. Wọ́n ní orí ara wọn ni wọ́n ń gbé wọn kà: eérú nínú èyí tòkè, omi á gba inú eérú kọjá, á máa kán sínú tìsàlẹ̀, inú omi yẹn ni wọ́n wá ń rẹ ẹ̀lú, ewé aró, sí, títí á fi kan. Lóde òní, inú ike ńlá ni wọ́n ń po aró, pẹ̀lú kọ́sítíìkì.

Wọ́n fa aṣọ yọ. Àwọ̀ ewé ló ní, ó pọ́n díẹ̀. Wọ́n nà án sórí okùn, lójú wa báyìí ló ń dúdú bọ̀, láti etí wọ àárín, bí ìgbà tí òjò bá ń ṣú. Ọmọ náà ya ẹnu.

"Màmá, kí ló dé tó ń yí padà?"

"Atẹ́gùn ti fọwọ́ kàn án ni, ọmọ mi. Tó bá ṣì wà nínú omi, kò lè dúdú."

Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá bojú wò mí. "Àǹtí, oxidation nìyí." Ó ti há ọ̀rọ̀ yẹn sórí láti ọdún tó kọjá, ó ti fi í gba máàkì, kò rí i rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún màmá bí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe é, ó fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, ó fi ọwọ́ júwe. Màmá mì orí, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni, ohun tó ń jẹ́ ọ́síjìn yìí ni àwọn ò gbọ́ rí.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n pe ọmọ náà padà. Wọ́n gbé ike kọ́sítíìkì sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kó bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àwọn ti ń rà á, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ó kà á, ó wá túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má jẹ́ kó ta sí ojú, tó bá ta sí ara kí wọ́n tètè fi omi púpọ̀ ṣàn án. Màmá wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní kó tún ìyẹn tìbọ̀wọ́ kà.